Ilé La Ti Ń Kọ́ Ọmọ Láti Dìde Sọ̀rọ̀



Bí òpin ọdún ẹ̀kọ́ bá ti dé, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kì í ṣe àjọyọ̀ kò pọ̀. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á to àga, wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta. Ọmọ ọdún 8 á jáde síwájú, á kí alága, á kí àwọn adájọ́, á kí ẹni tó ń wo aago, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò òyìnbó. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, ìyá ọmọ á dìde lọ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí adarí ètò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kékeré kan tí kò sí nínú ohun tó há sórí, bí i "What do you like most about your school?" Ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ walẹ̀, á sì máa wo ojú olùkọ́ rẹ̀ bóyá ìyẹn á gbà á sílẹ̀.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ò mọ̀wé. Àkọ́sórí ni wọ́n kọ́ ọ, wọn ò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Àkọ́sórí dára láyè tirẹ̀, ó ń la ahọ́n, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ mojú èrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní láti ronú ohun tó fẹ́ sọ, kó wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ jáde lójú àwọn èèyàn tó tẹjú mọ́ ọn. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrù mẹ́ta nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá fẹ́ kó gbé e láìṣubú, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa gbé e rù ú.

Kí ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́?

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rín. Ọmọ kan á ní "He go to market yesterday," gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn tolùkọ́ tọmọ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ yẹn á ti mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́ kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ìkejì ni ìjìyà. Àwọn ilé ìwé kan ṣì wà tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè abínibí, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgba. Wọ́n rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń kọ́ ọ. Ọmọ tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó, tí wọ́n sì ti gba èyí tó ní kúrò lẹ́nu rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ sọ?

Ìkẹta, ọ̀dọ̀ àwa òbí ló ti wá. "Pa ẹnu ẹ mọ́ jọ̀ọ́, àgbà ń sọ̀rọ̀!" Ó yẹ kí ọmọ mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìgbà kankan lóòjọ́ tí a yíjú sí i, tí a gbọ́ ọ tán, ibo ló ti fẹ́ rí ẹnu lọ́jọ́ àjọyọ̀?

Ohun tí wọ́n rí ní Modákẹ́kẹ́

Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ń sọ Yorùbá sọ́mọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan níṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún 3, kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún 6 kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i lọ́dún 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 6 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ó wù kó tọ̀nà nínú méjèèjì, iṣẹ́ àwa òbí ti pọ̀ sí i. Bí ilé ìwé kò bá ní fi èdè tó yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu kọ́ ọ láti rò, kó sì sọ, àfi kí ilé ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kano tàbí Jos, tó jẹ́ pé Hausa ló dán mọ́rán jù lẹ́nu ọmọ yín, Hausa náà lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí a ṣe lè ṣe é nílé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àlọ́. Àwọn baba wa ti ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba kí ìwé tó dé. Nídìí àlọ́ àpamọ̀, ọmọ á pa tirẹ̀, á dúró kí àwọn yòókù rò ó, á gbọ́ ìdáhùn, á sì sọ bóyá wọ́n gbà á àbí wọn ò gbà á. Nídìí àlọ́ àpagbè, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti yí padà, àti ibi tí àwọn èèyàn á ti gbe orin. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹ ní kí ọmọ pa àlọ́ Ìjàpá kan fún yín. Bó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ ní kó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn 5 péré. Ẹ ò rí i pé ẹrù kan ti kúrò lórí rẹ̀? Kò wá ohun tó fẹ́ sọ mọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní nǹkan mú lọ́wọ́. Ọmọ tó di nǹkan mú kì í mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń kúrò lára rẹ̀, nítorí nǹkan náà ni àwọn èèyàn ń wò. Ó lè jẹ́ bàtà rẹ̀, ó lè jẹ́ igbá tí ìyá àgbà fi ń bu gàrí. Gbólóhùn 3 ló máa sọ: "This is my grandmother's calabash. She uses it to measure garri. I like it because it is older than my father." Ẹ má ṣe jẹ́ kó fo "because" yẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kúrò ní ẹni tó ń ka nǹkan lórúkọ, tó ń di ẹni tó ní èrò tirẹ̀.

Ẹ má kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, àkọ́sórí náà lẹ tún padà sí. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ 3 sórí pépà kékeré, tàbí kó ya àwòrán 3: igbá, gàrí, ìyá àgbà. Bó bá gbàgbé, á wo àwòrán, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà ńbẹ̀. A ti kọ́ ọmọ wa pé kì í wo àgbà lójú kọrọkọrọ. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn là á yé e pé ìgbà ìkíni ní ojú tirẹ̀, ìgbà tí èèyàn bá dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ náà ní tirẹ̀. Kó mú ẹni 3 láàárín èrò, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lápá òsì, kó sì máa sọ̀rọ̀ sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú wọn bá bà á lẹ́rù, kó wo iwájú orí wọn. Kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó la ẹnu, kó má sì sáré. Ẹ fi èrò kún èrò díẹ̀díẹ̀: ìyá rẹ̀ lónìí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́la, àwọn ará ilé lọ́jọ́ mìíràn, kó tó kan gbogbo kíláàsì.

Àtúnṣe ló kẹ́yìn. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọmọ lẹ́nu. Bó bá ní "He go to market yesterday," ẹ dá a lóhùn bí ẹni tó ń bá a tàkúrọ̀sọ: "Oh, he went to the market? What did he buy?" Ó ti gbọ́ èyí tó tọ̀nà, ojú ò sì tì í. Bákan náà ni ti ìró. Yorùbá kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "three" àti "think", ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi ń fi "t" rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé dígí síwájú rẹ̀, kó fi orí ahọ́n kan eyín òkè, kó fẹ́ atẹ́gùn jáde, kẹ́ ẹ jọ fi ṣeré. Kò yẹ kó gba ìfọ́tí nítorí ìyẹn. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ tí etí rẹ̀ dí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé, "Ọmọ 60 nínú kíláàsì kan ńkọ́?" Ẹ pín wọn sí méjì-méjì. Kí ẹnì kan sọ ti ìṣẹ́jú 1 fún ẹnì kejì, kí wọ́n sì gbà á fún ara wọn. Láàárín ìṣẹ́jú 2, gbogbo ọmọ 60 ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe díẹ̀ nínú wọn kí wọ́n sọ ohun tí ẹnì kejì wọn sọ: "My friend says..." Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kì í ti èèyàn lójú bí ọ̀rọ̀ ara ẹni.

Ẹ sì ní sùúrù tẹ́ ẹ bá bi wọ́n ní ìbéèrè. Mary Budd Rowe, olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà, fetí sí ọ̀pọ̀ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì láwọn ọdún 1970. Ó rí i pé lẹ́yìn ìbéèrè, olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó fúnra rẹ̀ dáhùn. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ náà sì ń sọ̀rọ̀. Kíláàsì tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè àkọ́kúntẹnu ńkọ́? Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú yín kẹ́ ẹ tó pe ọmọ mìíràn.

Ohun tó jù pátẹ́wọ́ lọ

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ju ọjọ́ àjọyọ̀ lọ. Gbólóhùn 3 wà tó yẹ kí ọmọ yín lè sọ láìgbọ̀n: "I don't understand." "Please say it again." "Stop, I don't like it." Ọmọ tí kò lè sọ ti àkọ́kọ́ lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún odidi sáà kan láìmọ ohun tí wọ́n ń kọ́. Ọmọ tí kò lè sọ ìkejì á máa fi orí dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ohun tí nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá bi í ní Port Harcourt tàbí Calabar. Ọmọ tí kò lè sọ ìkẹta, tàbí tí kò mọ̀ pé òun lè délé fi Yorùbá sọ ọ́ fún yín, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ohun tí ẹni ibi lè fi í ṣe. Àwọn gbólóhùn yìí kò sí nínú ohun tí ọmọ ń há sórí fún àjọyọ̀. Ẹnu tí a ti là nílé ló ń sọ wọ́n.

Iṣẹ́ wa fún ọ̀sẹ̀ yìí kò le. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní kí ọmọ yín dìde kó mú nǹkan kan lọ́wọ́, kó sọ gbólóhùn 3 nípa rẹ̀ ní Yorùbá, kó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má rẹ́rìn-ín. Bó bá parí, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dúró de ìdáhùn rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.