Èéfín Aró Lẹ́nu Sàlẹ́ńsà

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ní Ẹ̀júkù kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì o. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kó iṣu kúrò lóko, aláboyún tó fẹ́ tètè dé Ìsánlú tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà East, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Kò wá yẹ kí ọlọ́kadà dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín igbó kó tó mọ̀ pé inú ẹ̀ ti jẹ.

Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdéédé kú, ó máa ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí èéfín ẹ̀ bá dúdú, ó lè jẹ́ pé epo ló ń wọlé jù, tàbí pé fítà afẹ́fẹ́ ti dí. Ìyẹn ṣì kéré. Àmọ́ bí èéfín bá dà bí omi aró, ọ́ìlì ló ń jó nínú níbẹ̀ yẹn: rìǹgì písítọ́ọ̀nù tàbí síìlì fáàfù ti jẹ. Irú Suzuki AX100 àtijọ́ nìkan ni kò ká mọ́, torí ọ́ìlì àti epo jọ ń jó nínú tiẹ̀ ni.

Bí ọ́ìlì bá ń dín kù láìjò sílẹ̀, tí ọ̀kadà ò lè gbé èrò kan ṣoṣo gun òkè mọ́, tí kíkì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, àbí tí irin ń dán wínníwínní nínú ọ́ìlì tí wọ́n tú sílẹ̀, ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nìyẹn. Èyí tó mọṣẹ́ á tú púlọ́ọ̀gì, á da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sí ihò ẹ̀, á dá púlọ́ọ̀gì padà, á wá tẹ kíkì. Bí kíkì bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, rìǹgì tàbí sílíńdà ló jẹ, ọ́ìlì yẹn ló bá wọn dí àlàfo. Bí kò bá yí padà, kó lọ yẹ fáàfù wò.

Ta ló wá ń pa á? Eruku ni. Àwọn kan á yọ fítà dà nù, wọ́n ní kí ọ̀kadà lè sáré. Eruku ọ̀nà oko á wá máa ha inú sílíńdà bíi sáńpépà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra àlòkù, kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ta á. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti gbọ́n jù ú lọ: ẹ́ńjìnnì tútù ni kì í lè fi èéfín àárọ̀ pamọ́.