Bí orin bá ti kan ìjọba ilé, rédíò ní í kọ́kọ́ dákẹ́

Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ọdún 2025, àjọ NBC tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ náà káàkiri Nàìjíríà pé wọn kò gbọdọ̀ gbé orin 'Tell Your Papa' tí Eedris Abdulkareem kọ sáfẹ́fẹ́. Wọ́n ní ó ta ko abala 3.1.8 nínú òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Seyi, ọmọ Ààrẹ Bola Tinubu, ni orin ọ̀hún ń bá wí, pé kó sọ fún bàbá rẹ̀ bí ìlú ṣe le tó.

Ará Òmùò-Èkìtì, lẹ́nu ààlà Èkìtì àti Kogi, lè rò pé ọ̀rọ̀ Èkó àti Àbújá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ náà kò yọ àwọn rédíò tó ń fọhùn láti Adó-Èkìtì sílẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbé rédíò onítọ́ọ̀ṣì lọ sóko kò ní gbọ́ orin náà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ní fóònù á ti gbọ́ ọ, á sì ti fi ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún un ṣá o.

Kí ló ń bí ìjọba nínú gan-an? Ariwo gìtá ni, àbí ẹni tí orin ń bá wí? Ọdún 1977 ti dáhùn.

Ọdún yẹn ni Sonny Okosun, tó pe orin rẹ̀ ní Ozzidi, gbé 'Fire in Soweto' jáde. Gìtá oníná tó ń ké bíi ti àwọn onírọ́ọ̀kì òyìnbó ló fi kọjú ìjà sí ìjọba aláwọ̀ funfun South Africa, tó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Soweto lóṣù kẹfà ọdún 1976. Ìjọba ibẹ̀ fòfin de orin náà. Ní Nàìjíríà, ńṣe ló gbajúmọ̀, nítorí pé ohun tí ìjọba ológun Olusegun Obasanjo fúnra rẹ̀ ń wí ni. Ìjọba yìí ló dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará South Africa lóṣù Kejìlá ọdún 1976.

Lábẹ́ ìjọba kan náà, ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, nǹkan bí 1,000 sọ́jà ya wọ Kalakuta, ilé Fela Anikulapo-Kuti l'Ékòó. Wọ́n na àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá Fela, Funmilayo Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú lóṣù kẹrin ọdún 1978. 'Zombie', tí Fela fi bú àwọn sọ́jà pé wọn kì í ronú, ti wà níta ṣáájú ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sọ́jà àìmọ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Sọ́jà tó wá lọ́sàn-án gangan!

Gìtá Okosun le ju ti Fela lọ. Bó bá jẹ́ ariwo ni ẹ̀ṣẹ̀, Okosun ni ì bá jìyà.

Nígbà tó di 2004, Obasanjo ti padà dé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá. Eedris kan náà kọ 'Jaga Jaga', Obasanjo bínú sí i ní gbangba, rédíò sì dákẹ́. Ní 2018, NBC bu owó ìtanràn N100,000 lé Jay FM ní Jos lórí 'This Is Nigeria' àti orin mìíràn. Falz tó kọ 'This Is Nigeria' kì í ṣe àjèjì sí Èkìtì: ọmọ Femi Falana, agbẹjọ́rò ará Ìlawẹ̀, ni.

Abala 39 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀, àwọn onírédíò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ NBC ni ìwé àṣẹ wọn wà. Kí kóòtù tó dájọ́, ilé iṣẹ́ lè ti di títì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yọ orin kúrò láìsí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.