Òbí tí kò mọ̀wé náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè iṣẹ́ olùkọ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́,

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ kan fi ń pa òbí lẹ́nu mọ́. Wọ́n á ní: "Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé, kí lẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ wa?" Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Olùkọ́ ni èmi náà. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kí n tó máa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà. N kò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ aṣọ rán, ṣé kì í mọ̀ bí aṣọ bá fún un lápá? Ẹni tí kò mọ ọkọ́ rọ, ṣé kì í mọ̀ bí ọkọ́ kò bá wọlẹ̀?

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ní abúlé kan, ìyá kan tó ń ta gàrí máa ń wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa lálẹ́. Ó ti mọ nọ́ńbà kọ, ó sì ti mọ bí a ṣe ń ro iye pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ìwé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tó wà ní CE2 wá. Ọmọ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé 47 àti 38 jẹ́ 75. Bírò pupa olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó dára. Ìyá náà ní: "Olùkọ́ wa, bí mo bá ń ka owó báyìí lọ́jà, ṣé mi ò ti jẹ gbèsè?"

Òótọ́ ló sọ. 85 ló yẹ kó jẹ́. Ọmọ náà ro 7 pọ̀ mọ́ 8, ó rí 15, ó kọ 5 sílẹ̀, ó gbàgbé 1 tó yẹ kó rò mọ́ 4 àti 3. Àṣìṣe ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó ń kọ́ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó fi bírò pupa sọ pé àṣìṣe dára, àṣìṣe náà ló fi kọ́ ọmọ.

Ìyá yìí lọ bá olùkọ́ náà ní ilé ìwé. Èsì wo ló gbà? "Ìyá, ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?" Gbogbo ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá padà sílé pẹ̀lú ìtìjú, ó ní òun á yọ ọmọ òun kúrò, kó wá máa bá òun ta gàrí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣe fẹ́ẹ́ gba ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ!

A bẹ ìyá náà, a sì kó àwọn ẹgbẹ́ òbí jọ. A lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, a jókòó, a pe olùkọ́ náà. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó jẹ́wọ́: ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní 80, òun kò sì lo ọjọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ rí. Àwọn ìwé tí ó ń yẹ̀ wò ti pọ̀ jù, ó kàn ń fi bírò kọjá lára wọn ni.

Ẹ̀yin ará, a kì í fi oníjà sílẹ̀ ká máa gbájúmọ́ alápẹpẹ. Ta ló fi ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ síwájú ọmọ 80? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní àkókò Ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé lọ kọ́ ọmọ. Ní òpin àwọn ọdún 1980, owó tán lápò ìjọba, ó dá gbígba olùkọ́ dúró, wọ́n sì ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn abúlé ló ń dá owó jọ láti fi wá ẹni tí wọ́n bá rí. Ní ọdún 2006, ìjọba fagi lé owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, àwọn ọmọ sì ya wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe àlejò púpọ̀, ó yẹ kó wá alásè púpọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀bi ìjọba kò fún olùkọ́ láyè láti bú òbí. Ẹni tí kò mọ nǹkan lè kọ́ ọ. Ẹni tó ń fi àìmọ̀ rẹ̀ bú ẹlòmíì, kò ní kọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin òbí náà, ọ̀rọ̀ yín kù. Àwọn kan nínú yín ń fi pàṣán wọn olùkọ́: bó bá ń na ọmọ, ẹ ní ó mọṣẹ́. Àwọn mìíràn ń bú olùkọ́ nílé lójú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í dé ìpàdé. Èyí kò ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Ní kí ọmọ kàwé fún ọ. Fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí o gbọ́ bó ṣe pè é. Wá ọ̀rọ̀ tó rí bákan náà ní ojú ewé mìíràn. Bí kò bá pè é bákan náà, orí ló fi há ìwé, kò kà á.

2. Fún un ní owó ọjà kó bá ọ ṣírò ṣẹ́ǹjì.

3. Wo ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí bírò pupa kò bá kàn án fún ọjọ́ púpọ̀, lọ béèrè ìdí.

4. Bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbọ́, kí ẹ̀yin méjì mẹ́ta lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Bí ìyẹn náà kò bá gbọ́, kí ẹgbẹ́ òbí lọ bá alábẹ̀wò àwọn ilé ìwé.

Ní abúlé tí mo sọ yẹn, ọ̀gá ilé ìwé fi olùkọ́ náà sí abẹ́ àgbà olùkọ́ kan. Kò tíì di ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó ń yẹ ìwé wò báyìí. Ọmọ ìyá oní-gàrí ṣì wà nílé ìwé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá kọ́ ìwé ní èdè wa, kí ojú yín lè tó ìwé ọmọ yín. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè!