Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ, Ẹ Kọ́ Nọ́ọ̀sì

Bí rọpárọsẹ̀ bá dá ènìyàn wólẹ̀ ní Ìlárá, ìlú wa ní ẹnu ààlà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò wá kì í ṣe ọkọ̀. Omi ni wọn yóò wá, tàbí epo pupa, tàbí àgbo tó wà nínú ìkòkò láti ìjẹta. Ẹnìkan yóò fi ṣíbí la eyín rẹ̀, ẹlòmíràn yóò máa da nǹkan sí i lẹ́nu, ìyàwó yóò máa pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan kí ó má baà lọ. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ọ̀fun ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti kú lè má mọ ọ̀nà oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí mọ́. Ohun tí a dà sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ibà á dé, ikọ́ á dé, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa, á wá kú nítorí ṣíbí àgbo.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ìlárá sì ni mí. Mo ti fẹ̀yìntì, ilé bàbá mi ni mo padà sí, àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè mí ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn mi ni wọ́n sì máa ń kàn kí wọ́n tó kan ti ẹlòmíràn. Ohun tí mo ní í sọ fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti fún àwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlaró, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìjẹ̀bú-Òde kò pọ̀: kí ẹ tó ra ẹ̀rọ mìíràn fún ìlú ńlá, ẹ kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní ẹnu ààlà, ẹ fún un láṣẹ, ẹ sì jẹ́ kí ó máa ṣe ìwádìí tirẹ̀.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí iṣan ọpọlọ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kí wọ́n di arọ. Àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, nítorí bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ, oògùn ọ̀hún lè pa á. Ẹ wá bá mi ka wákàtí náà láti Ìlárá. A ó wá ọkọ̀. A ó wá owó epo. Àbúrò bàbá gbọ́dọ̀ ti oko dé kí a tó gbéra. Ó di Ìmẹ̀kọ, ó di Ayétòrò, ó di Abẹ́òkúta, kí a tó wọ Ìdí-Àbà níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ mẹ́wàá sí Abẹ́òkúta lọ́la, ọ̀nà náà kò ní torí ìyẹn kúrú fún aláìsàn Ìlárá.

Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀nà kọ́ ló dá wa dúró. Àwọn ẹbí á ní wọ́n ta aláìsàn lọ́fà ni, wọ́n á ní ẹnìkan gbá a létí lójú àlá, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ọfà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ. Èmi kì í bá wọn jiyàn lórí èyí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣubú lójijì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò wá iyàn wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ná." Bí mo bá fi nọ́ńbà hàn wọ́n, tó jẹ́ 220 lórí 130, tí mo sì béèrè ìgbà tí bàbá lo oògùn kẹ́yìn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

Kì í ṣe òní la ti ń mọ ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Láàárín 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé wà lára wọn, ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rọpárọsẹ̀ ní Ìbàdàn. Aláìsàn 318 ló wọ inú ìwé náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1979. Ní 2018, àwọn tó ń ṣe ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn, fi aláìsàn rọpárọsẹ̀ 2,118 wé iye ènìyàn kan náà tí àrùn ọ̀hún kò ṣe, ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà àti Sacred Heart ní Lántòrò wà lára ibi tí wọ́n ti rí àwọn aláìsàn náà, nítorí náà àwọn ènìyàn tiwa gan-an ni wọ́n ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú nínú ohun tí wọ́n rí. Bí a bá lè mú un kúrò láàárín wa, nǹkan bí 90 nínú rọpárọsẹ̀ 100 ni kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, àti àtọ̀gbẹ, àti ikùn tó yọ síta, àti ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, àti iyọ̀ tí à ń wọ́n sórí oúnjẹ tó ti wà nínú àwo, àti àìjẹ ẹ̀fọ́.

Ti ẹ̀fọ́ yẹn ló dùn mí jù. Àwọn obìnrin Ìlárá ń gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n ń gbin ṣọkọ, gbúre ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á já a tán, wọ́n á dì í, wọ́n á kó o lọ sọ́jà, owó rẹ̀ ni wọ́n á fi ra Indomie àti magí wálé fún ọkọ àti ọmọ.

Ta ni yóò wá bá wọn sọ ọ́? Ta ni yóò wọn ìfúnpá ọkọ wọn lóṣooṣù? Dọ́kítà kò tó, kò sì ní í tó láìpẹ́. Ní Gánà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gbenga Ogedegbe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ náà lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn alábọ́dé 32, pẹ̀lú aláìsàn 757, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn nọ́ọ̀sì gba ẹ̀kọ́, wọ́n ń wọn ìfúnpá, wọ́n ń fún ni lóògùn, wọ́n ń gbani nímọ̀ràn. Lẹ́yìn ọdún kan, nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá àwọn aláìsàn wọn fi nǹkan bí 20 wálẹ̀. Ti àwọn tó ní ìwé adójútòfò ìlera nìkan fi nǹkan bí 17 wálẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, mo mọ̀. Àmọ́ bí ìfúnpá gbogbo ìlú bá fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní gbọ́ igbe. Àwa náà kò sì ṣàìní ìbẹ̀rẹ̀: láti 2020 ni ìjọba àpapọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Resolve to Save Lives ti mú ìpínlẹ̀ méjì, Ògùn àti Kánò, láti máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera, pẹ̀lú oògùn bí amlodipine. Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí ó dé gbogbo abúlé ẹnu ààlà, kí oògùn má sì tán lórí pẹpẹ.

Ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe nígbà tí rọpárọsẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kò kéré sí èyí. Mo rí i lójú ara mi. Wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gbé e jókòó dáadáa, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó bóyá ojú rẹ̀ là, ó ní kí ó wúkọ́. Ó wá fi ṣíbí tíì bu omi díẹ̀, ó fi sí bàbá lẹ́nu, ó sì gbé ìka méjì lé gògóńgò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbé e mì. Ó dúró. Ó fún un ní ṣíbí kejì. Bàbá sín ikọ́ kékeré kan, nígbà tó sì ní kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ohùn náà ń hó bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé ife kúrò.

Ìyàwó bàbá ní, "Ọmọ mi, láti àná ni wọn ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ebi á pa wọ́n."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Bí a bá fún bàbá lómi báyìí, àyà wọn ló ń lọ."

Ó fa omi sí i lápá, ó wọn ṣúgà rẹ̀, ó wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà tó fi rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ ibi tó kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Bàbá náà ń fi ọ̀pá rìn báyìí.

Mi ò lè fi ẹnì kan ṣoṣo búra. Àmọ́ ní Ọsirélíà, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sandy Middleton, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ wa, dán irú nǹkan yìí wò ní ẹ̀ka ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ 19. Kò mú oògùn tuntun wá. Ohun mẹ́ta ló kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa ṣọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ibà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àti bí aláìsàn ṣe ń gbé nǹkan mì. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, níbi tí wọ́n ti kọ́ nọ́ọ̀sì, 42 nínú aláìsàn 100 ló ti kú tàbí tí kò lè dá nǹkan ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Níbi tí wọn ò ti kọ́ wọn, 58 ni. Ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná, ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà, ṣíbí. Èwo ni Ìlárá kò lè ní nínú rẹ̀?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń bá pàdé lè ka orúkọ iṣan ọpọlọ fún mi láìsinmi. Bí mo bá gbé ṣíbí àti omi fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á máa wò mí. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ohun tí a kò bi wọ́n nínú ìdánwò, wọn kò ní í kọ́ ọ. Àwọn ọmọbìnrin wa kan náà tó kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ yìí, bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba, wọ́n á máa ṣe é lójoojúmọ́, torí pé wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè rẹ̀. Mo fẹ́ kí àyẹ̀wò bí aláìsàn ṣe ń gbé nǹkan mì yìí di ara ìdánwò àfọwọ́ṣe ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má gba ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó ṣe é lójú olùkọ́. Kí wọ́n fi yíyí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì kún un, kí egbò má baà dá sí i nídìí, àti bí a ṣe ń gbé ẹni tí apá rẹ̀ rọ dìde láìfa apá náà. Èjìká tí àwọn ọmọ fi ìfẹ́ fà yọ pọ̀ nínú àwọn ilé tí mo ti wọ̀.

Ìwádìí ńkọ́? Láti 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì gboyè, lẹ́yìn odi kan náà tí Kòfowórọlá Abẹ́ní Pratt ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì UCH. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Àmọ́ iṣẹ́ àṣekágbá tí mo ti kà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà: wọ́n á pín ìwé ìbéèrè fún àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́, wọ́n á dì í, ó di orí pẹpẹ. Ìbéèrè tó ń bẹ ní Ìlárá ò tíì sí nínú wọn.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá, ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Obìnrin kan á wọn ìfúnpá lọ́dọ̀ wa, á lọ sí ọjà Kétu lọ́hùn-ún, á fi owó sefa ra amlodipine nítorí ó rí i tó dínwó lọ́jọ́ náà, ìwé inú páálí jẹ́ Faransé, á lò ó tán, kò ní í rà á mọ́ títí orí yóò fi fọ́ ọ. Ìwé ìlera rẹ̀ ti ọ̀hún wà nínú àpò kan, káàdì rẹ̀ ti ibí wà nínú òmíràn, nọ́ọ̀sì ibí kò rí tọ̀hún, tọ̀hún kò rí tibí. Mélòó irú rẹ̀ ló wà? Ìgbà wo ni wọ́n ń dá oògùn dúró, kí sì nìdí? Dọ́kítà tó wà ní Abẹ́òkúta kò lè mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ èdè Kétu, tó mọ ọjọ́ ọjà, ló lè mọ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì ààlà. Ní Kumasi, Fred Sarfo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo fóònù lábẹ́ ìtọ́sọ́nà nọ́ọ̀sì láti máa tẹ̀ lé ìfúnpá àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí. Ènìyàn 60 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìlárá lè fi 60 bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mi sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní Ìlaró ni pé kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún ìkẹyìn wá sọ́dọ̀ wa, méjì-méjì, fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n fi olùkọ́ kan tì wọ́n, kí wọ́n sì gba ìwé àkọsílẹ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ra ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá àti ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà fún wọn. Yàrá méjì ṣófo ní ilé bàbá mi, kànga wà lágbàlá. Mi ò ní gbowó ilé lọ́wọ́ wọn, èmi ni n ó sì mú wọn wọ ilé kiri ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.