"Kí lo jẹ nígbà oyún?" Ẹ fi ìyá ọmọ sílẹ̀ ná

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ gbọ́ ná. Lọ́jọ́ ìkómọjáde ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹbí ọkọ rẹ̀ kan wo ọmọ, ó ní, "Ìyàwó wa, kí lo jẹ nígbà oyún tí ọmọ fi kéré báyìí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá lọ, ó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó bi bàbá ọmọ ní nǹkan kan.

2/ Lóde òní, wọ́n ti fi gírámà kún un: "Epigenetics ni! Ohun tí ìyá bá ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ DNA ọmọ." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé.

3/ Ẹ wo DNA bí orin inú rédíò. Methylation dà bíi bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: àmì kẹ́míkà kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ DNA. Orin ò yí padà o, ohùn ló yí.

4/ Ta ló wá ń yí bọ́tìnnì? Ní Bristol, ní England, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 1,000 ìyá àti ọmọ wọn wò: ti ìyá nígbà oyún àti lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ti ọmọ láti okùn ìwọ́ títí ó fi di ọ̀dọ́. Èsì jáde ní 2016. Ní ibi púpọ̀ lára DNA, ìyàtọ̀ jíìnì tí wọ́n bí mọ́ni ló ń darí bí àmì yẹn ṣe pọ̀ tó, láti ọjọ́ ìbí títí dàgbà.

5/ Ní Singapore, wọ́n wo ọmọ tuntun 237 (èsì wọn jáde ní 2014). Níbi tí àmì àwọn ọmọ ti yàtọ̀ síra gan-an, jíìnì nìkan ló ṣàlàyé 25% jù lọ. 75% tó kù, jíìnì àti ipò inú oyún ló jọ ṣe é.

6/ Ẹ wá ṣírò ẹ̀: ìdajì jíìnì ọmọ, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá! 😒

7/ Mi ò ní kí aláboyún máa mu sìgá o. Sìgá ìyá máa ń fi àmì sílẹ̀ lára DNA ọmọ, wọ́n ti rí i léraléra. Ẹ lọ fún ìtọ́jú oyún, ẹ jẹun dáadáa. Mi ò sì sọ pé methylation ló jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kéré. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọmọ kó ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

8/ Tẹ́ ẹ bá tún lọ ìkómọ, ẹ gbé ọmọ, ẹ ṣàdúrà, ẹ náwó, ẹ jẹ ìrẹsì yín. Bí ìbéèrè bá ṣì ń yun yín lẹ́nu, ẹ bi ìyá ọmọ pé: "Ṣé o ti jẹun?" Ó tán.