A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ̀kọ́ Igbó Ekuri

Ìlú Ekuri méjèèjì, Àtijọ́ àti Tuntun, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ni ó ni igbó tí ó tó hẹ́kítà 33,600. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn agégẹdú ṣèlérí láti la ọ̀nà fún wọn, kí àwọn sì gé igi wọn. Ará Ekuri nílò ọ̀nà lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n kọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tí yóò máa bójú tó igbó náà sílẹ̀. Ní 2004, ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀bùn Equator ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kò lè dáàbò bo ilẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2016, nítorí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun gba ilẹ̀ kìlómítà 10 ní ọ̀tún àti ní òsì ọ̀nà náà. Àwọn ará ìlú fárígá, ariwo wọn dé òkè òkun, ìjọba sì fagi lé ìkéde náà ní 2017.

Inú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, ni gbòǹgbò ọ̀ràn yìí wà. Bí òfin kò bá sọ ìfọwọ́sí àwọn onílẹ̀ di dandan, gómìnà mìíràn lè tún ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lọ́la. A kì í sì í fá orí lẹ́yìn olórí.