Ike kékeré ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀: ẹ má fojú di í o!

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà la tún gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe ti owó epo, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì. Ọ̀rọ̀ ike kékeré kan ni, èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, tí omi máa ń wà nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ. Láti Gbẹ́rígbẹ́ títí dé Ìmọ̀ta, dé Ìtòìkín, ẹ lè bá ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè létí títì, tí èéfín funfun ń rú jáde níbẹ̀ bíi pé wọ́n ń se ẹ̀wà. Àwọn èrò á ti bọ́ sílẹ̀, ojú wọn á ti le, àwọn kan á ní kí wọ́n dá owó àwọn padà, kọ́ńdọ̀ á sì ti sáré lọ wá píọ̀ wọ́tà. Tẹ́ ẹ bá bi dẹ́rẹ́bà léèrè, ohun kan náà ló máa sọ: "Ọkọ̀ ló hó."

Ọkọ̀ hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi hó? Ohun tó dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀ lè má ju ike kan àti ìdérí kan lọ. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń fọwọ́ ara wa to ọkọ̀ nílẹ̀ yìí o. Mólùwè tó ń gbé àwọn bàbá wa lọ síbi iṣẹ́, ta ló ṣe é? Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ni òyìnbó ṣe, àwọn wẹ́dà àti páńẹ́lì bítà tiwa níbí ló jó irin mọ́ ọn lórí, tí wọ́n to àga sí i, tó fi di bọ́ọ̀sì. Bọ́lẹ̀kájà tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́? Pákó ni wọ́n fi kan ara ẹ̀. Lọ́dún 1997, Ọ̀mọ̀wé Ezekiel Izuogu, ọmọ Ìgbò, gbé ọkọ̀ tó fúnra ẹ̀ ṣe jáde, ó pè é ní Z-600, Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Díyà tó jẹ́ igbákejì Abacha nígbà yẹn sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í han aráyé. Lọ́dún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì OAU n'Ífẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, sọ Volkswagen Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń fi oòrùn àti atẹ́gùn rìn. Àwọn kòròpe tó ń wá láti Japan pàápàá, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń yí sítíárì wọn láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU sì wà l'Ẹ̀pẹ́, nítorí náà, àwọn ọmọ tó ń lálàá pé àwọn máa to ọkọ̀ tàwọn lọ́jọ́ kan ò jìnnà sí wa rárá.

Àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹni tó fẹ́ to ọkọ̀, tàbí tó fẹ́ jí ògbólógbòó ọkọ̀ dìde, á kọrí sí Owódé Onírin tàbí Ládípọ̀. Á ra ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀ kan, á ra rédíétọ̀ lára òmíràn, ìdérí rédíétọ̀ á tún wá láti ara ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan táyà, àga, ọ̀dà àti rédíò olóhùn ńlá. Ike omi ńkọ́? "Ọ̀gá, ẹ má dààmú, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn máa bu omi sí rédíétọ̀ láràárọ̀." Ọ̀rọ̀ tó máa ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni pátápátá. Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà fi kọ́ṣẹ́ ò mọ ike kankan. Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen l'Ọ́jọ̀ọ́, lọ́nà Badagry, bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá nígbà náà. Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, kò mu omi rárá. Afẹ́fẹ́ ni fáànù ẹ̀ ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni dáńfó Volkswagen àtijọ́. Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, omi ni 504 ní tiẹ̀ ń lò. Àwọn ọkọ̀ olómi ayé àtijọ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé páìpù kékeré kan ló máa ń da omi tó bá pọ̀ jù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Omi tó bá ti jáde, ó ti lọ nìyẹn, àfi kí wọ́n bu òmíràn sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé bọ́rọ̀ ṣe rí dòní nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀ sí i. Ká ní lítà 6 ni omi inú ọkọ̀ yín. Tó bá kúrò ní tútù àárọ̀, tó gbóná dé bó ṣe máa ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́, ó máa fi bíi ìdá kan nínú márùn-ún lítà lé sí i. Kò tó ìdajì píọ̀ wọ́tà kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ìdérí rédíétọ̀ ní sípíríǹgì nínú. Sípíríǹgì yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀, kó má bàa tètè hó. Omi tí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́, tó bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti hó. Ṣùgbọ́n tí ìdérí tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí bá dè é pa, tí gbogbo nǹkan sì pé, ó máa tó nǹkan bíi 119 kó tó hó. Agbára ìdérí nìyẹn o.

Nígbà tí omi bá wá fẹ̀ ju ohun tí sípíríǹgì lè dá dúró, ó máa tì í sókè, omi á gba róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sínú ike. Tẹ́ ẹ bá ti pa ọkọ̀, tó ti tutù, omi inú rédíétọ̀ á sún kì, á sì máa fa nǹkan wọlé. Fáàfù kékeré kan tó wà láàárín ìdérí á ṣí, á sì fa omi tó wà nínú ike padà. Ó tú u jáde lọ́sàn-án, ó mu ún padà lálẹ́. Tí kò bá sí ike ńkọ́? Ó ṣì máa fà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló máa fà mu. Lójoojúmọ́ ni omi á máa dín, tí afẹ́fẹ́ á máa pọ̀ sí i, títí di ọjọ́ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 á dá ọkọ̀ náà dúró lójú oòrùn. Ọjọ́ yẹn ló máa hó.

Ibi tó wá lè da èèyàn lójú rú nìyí: oríṣi ike méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota, Nissan àti Honda. Ìdérí alágbára wà lórí rédíétọ̀ fúnra ẹ̀, ike ní tiẹ̀ kàn ń gba omi ni, ìdérí tiẹ̀ ò sì dè pa. Èkejì ni ti ọ̀pọ̀ Volkswagen olómi, Mercedes àti Peugeot. Orí ike ni ìdérí alágbára wà, ike náà nípọn, agbára omi gbígbóná sì wà nínú ẹ̀ gan-an. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ti àkọ́kọ́ rọ́pò èkejì. Ẹni tó bá fi ike lásán sí ipò ike alágbára, ó lè bẹ́ mọ́ ọn lójú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi oríṣi àkọ́kọ́ sára ọkọ̀ tẹ́ ẹ tò, ẹ fi sí ìtòsí rédíétọ̀, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà àti fáànù, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ọ̀tì dè é dáadáa. Wáyà lásán á já tó bá bọ́ sí kòtò. Ẹ jẹ́ kí róbà láti ọrùn rédíétọ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀ ike, kí ẹnu ẹ̀ máa wà nínú omi nígbà gbogbo. Tí ẹnu róbà bá wà lókè omi, afẹ́fẹ́ náà ló máa fà. Kí róbà ọ̀hún nípọn díẹ̀, kó má bàa pa pọ̀ nígbà tó bá ń fa omi. Kí ihò kékeré wà tí ike á fi máa mí. Tí ọkọ̀ bá tutù, ẹ bu omi dé ìlà ìsàlẹ̀, kí àyè wà lókè fún èyí tó ń bọ̀. Ẹ yí ìdérí rédíétọ̀ dojú délẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní róbà lókè, kó ní nísàlẹ̀, kí fáàfù àárín sì máa ṣí. Tí róbà òkè bá ti gbẹ tàbí tó já, ìdérí náà ò lè fa omi padà mọ́, ẹ̀ báà gbé ike tuntun mẹ́wàá síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ oríṣi kejì ni, ike yẹn gbọ́dọ̀ ga ju rédíétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì lọ, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà gòkè. Àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn tàbí sí abẹ́ àga, tí páìpù wọn gùn, ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa.

Ó tún ku kan. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná. Èyí tó bá ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní in ò ní í gbóná dé bó ṣe yẹ, á sì máa jẹ epo. Bí epo ṣe wọ́n tó yìí, àbí kí lẹ rí?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má ṣí ìdérí nígbà tó bá gbóná o! Omi tó ti kọjá 100, tí ìdérí dè mọ́lẹ̀, lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣí i ló máa hó, tó máa fò sókè sí ojú, ọrùn àti àyà. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ló ń jẹ, ojú méjèèjì ló fi ń wá oúnjẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Tí géèjì bá ti wọ pupa, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pa AC, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Kí èrò tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Ẹ má da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná, orí ẹ̀ lè sán. Tí omi gbígbóná bá wá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ dà sójú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ọ̀rọ̀ kúláǹtì náà ńkọ́? Ó dáa ju omi kànga lọ, torí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ṣùgbọ́n májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu! Ethylene glycol ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀, diethylene glycol, ló wà nínú oògùn ọmọdé My Pikin lọ́dún 2008, tó pa ọmọ tó lé ní àádọ́rin. Nítorí náà, ẹ má rọ kúláǹtì aláwọ̀ ewé sínú ike míńráàlì, kẹ́ ẹ wá gbé e sílé. Ọmọdé ò mọ̀ yàtọ̀. Inú gálọ́ọ̀nù tó bá wá ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè tó.

Ní ìparí, ike yẹn máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ń wò ó. Tó bá ń dín lójoojúmọ́, omi ń jò níbì kan, ẹ wá a rí. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí omi inú ike ń yọ ìfófòó ṣáá, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Tí ọ́ìlì bá sì funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọnú ẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ náà débì kankan mọ́. Ike kan, ìdérí kan àti róbà kan, owó wọn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì. Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo ìlà omi yẹn. Ìṣẹ́jú kan péré ni.